Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ń Ti Ara Ìrépé Aṣọ Mọ Bí Ìbora Yóò Ṣe Tóbi Tó

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò)

 Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí a ti í hun ún, nítorí pé ahunṣọ kò ní kí n wá kọ́ òun ní iṣẹ́ tí òun bá nílé baba òun. Bí ènìyàn yóò ṣe wo ìrépé aṣọ tí ó ti wà ní gígé lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì ti ara rẹ̀ mọ bí aṣọ ìbora tàbí ìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ó fẹ́ rán yóò ṣe tóbi tó, kí ó tó fi abẹ́rẹ́ kan ohunkóhun, ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ẹni tí ó bá ní bébà àti pẹ́ńsùlù nítòsí, kí ó fà wọ́n mọ́ra, nítorí pé ìṣirò wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n ó sì máa sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí gbogbo wa lè jọ kà á.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà náà gan-an ni ọjà wa lónìí. Ẹni tí ó bá ṣí àpótí ìyá àgbà nínú ilé wa yóò bá ìró sányán tí ibi ìjókòó rẹ̀ ti gbó ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ méjèèjì ṣì le koko, yóò bá ìborùn àlàárì tí ó ṣẹ́kù nínú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tí àwọn tí ó jó níbẹ̀ ti di àgbàlagbà, yóò sì bá gèlè ẹtù tí kò sí ẹni tí ó ń wé e mọ́. Bí ó bá sì yà sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní ìtòsí ọjà Odò-Orí ní Ìwó, yóò rí ìrépé àǹkárá tí ó kún inú àpò, èyí tí ọmọ iṣẹ́ yóò kó lọ sí ààtàn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Gbogbo wọn ni a lè tò pọ̀ di ohun tí yóò bo ènìyàn mọ́lẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí àlejò yóò wọlé tí yóò sì kọ́kọ́ kí aṣọ náà kí ó tó kí onílé.

Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ni pé bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Wọn a ní bẹ́ẹ̀dì àwọn tóbi, nítorí náà ìbora àwọn gbọ́dọ̀ tóbi, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán láìka ohun tí ó wà nílẹ̀; nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, aṣọ a tán. Wọn a wá sáré lọ bá ahunṣọ pé kí ó hun irú èyí sí i, ṣùgbọ́n òwú tí a rẹ lánàá kì í bá ti òní mu, nítorí pé aró inú ìkòkò kan kì í dúdú bí ti èkejì, òwú tí ilé iṣẹ́ sì kó jáde lọ́dún yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èṣí. Ojú ibi tí a ti so méjèèjì pọ̀ a máa kígbe títí ayé aṣọ náà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè, kí ó sọ fún wa irú bẹ́ẹ̀dì tí òun lè tẹ́.

Ìṣirò yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìwó. Ẹ wo ahunṣọ ọkùnrin bí ó ti jókòó sídìí òfì, tí òwú rẹ̀ nà lọ níwájú rẹ̀ gbọọrọ dé ibi tí òkúta gbé dì í mú, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀ tí ó sì ń ju ọkọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì: aṣọ tí ó ń jáde níwájú rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bí ínṣì 4 tàbí kí ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ lè ti ẹnu ọ̀nà àgbàlá kan dé òmíràn. Kò sí ìró kan tí ó bọ́ sílẹ̀ lórí òfì bẹ́ẹ̀ yẹn ní odindi. Gígé ni a ó gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sí ìrépé ìrépé, a ó sì tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, etí sí etí, títí yóò fi di ìró, tàbí ìborùn, tàbí agbádá tí ọkùnrin yóò ká sí èjìká. Nítorí náà, kí ahunṣọ tó na òwú rárá, ó ti ka iye ìrépé tí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ń fẹ́, ó ti mọ bí ìyá yẹn ti ga tó àti bí ìdí rẹ̀ ti tóbi tó, ó sì ti fi gígùn ìrépé kan sọ iye wọn di púpọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ láìmú ìwé. Púpọ̀ nínú wọn kò jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ kankan, síbẹ̀ òwú wọn kì í ṣẹ́kù ju bí ó ti yẹ lọ. Mo ní ọ̀wọ̀ ńlá fún ọgbọ́n yìí, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ wa ń kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú wọn dé ìdí òfì tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì tiwọn, èyí tí ó dúró ṣánṣán lára ògiri, fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Méjì tàbí mẹ́ta tí a bá so pọ̀ ti tó ìró, nítorí náà ojú rírán rẹ̀ kò pọ̀, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Ẹ̀kú eégún ní tirẹ̀ kò tẹ̀ lé ìwọ̀n kankan: ìdílé a máa fi aṣọ kún un lọ́dọọdún, ìrépé lórí ìrépé, bí ó bá sì ti ń wúwo sí i ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sùn ní orí bẹ́ẹ̀dì kò lè fi ti ẹ̀kú ṣe, nítorí pé igi bẹ́ẹ̀dì ní ibi tí ó parí sí.

Aṣọ tí a tò báyìí ti rìn jìnnà. Ní ayé òwò ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń kó aṣọ òfì láti ilẹ̀ wa kọjá òkun lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní pano da costa, tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ń fi í sí èjìká gẹ́gẹ́ bí ìyá ẹni ti í fi ìborùn sí èjìká lọ sí òde. Ní Amẹ́ríkà, abúlé kan wà ní ìpínlẹ̀ Alabama tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, tí odò yí i ká ní ìhà mẹ́ta, tí àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n fi ṣe oko òwú. Àwọn ìyá ibẹ̀ kò lówó aṣọ tuntun. Ṣòkòtò iṣẹ́ tí orúnkún rẹ̀ ti ya, àpò ìyẹ̀fun, àti ẹ̀wù ọkọ tí ó ti kú ni wọ́n ń gé tí wọ́n sì ń tò di ìbora kí òtútù má baà pa àwọn ọmọ, ibi tí aṣọ bá sì tán sí ni ìbora tán sí. Ní ọdún 2002, wọ́n gbé àwọn ìbora náà lọ sí ilé ọnà Whitney ní New York, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọnà sì ya ẹnu sílẹ̀. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sí ara sítáǹbù lẹ́tà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Farris Thompson, ẹni tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wádìí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Flash of the Spirit ní ọdún 1983 pé bí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣe ń to aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti àwọn ahunṣọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tan. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò ní í yára gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá Gee's Bend lọ́wọ́ wọn kí n sọ ọ́ di tiwa. Lọ́dọ̀ ìyá wọn àti ìyá ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, òṣì àti òtútù sì jẹ́ olùkọ́ wọn pẹ̀lú.

Lónìí, àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Òyìnbó ti sọ ìrépé di ọjà. Wọ́n ń ta aṣọ tí ẹ̀rọ ti gé tẹ́lẹ̀ ní onígun mẹ́rin, ínṣì 5 ní ìbú àti 5 ní gígùn, tàbí ínṣì 10 ní ìbú àti 10 ní gígùn. Wọ́n sì ń ta tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fẹ̀ ní ínṣì 2½, tí wọ́n ká jọ bí ẹní, tí iye rẹ̀ sábà máa ń tó 40. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá wọn, ìyá a sì gbé e lé orí tábìlì láìmọ ohun tí ó lè fi ṣe. Ohun tí n ó sọ nísinsìnyí kan tiwọn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ òfì. Kí a kọ́kọ́ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ní orí rẹ̀, ní àárín rẹ̀ àti ní ìdí rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ahunṣọ a máa le ní àárọ̀ a sì máa rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìbú tí ó kéré jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí a fi ṣírò. Ká ní ínṣì 4 ni, tí gbogbo gígùn tí ó wà lọ́wọ́ wa sì jẹ́ ọ̀pá 40. Ọ̀pá kan jẹ́ ínṣì 36, nítorí náà ọ̀pá 40 jẹ́ ínṣì 1,440. A fẹ́ kí ìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, èyí tí í ṣe ínṣì 72. A ó fi ínṣì kan kún orí rẹ̀ àti ínṣì kan kún ìdí rẹ̀ fún kíká etí, ó di 74. Bí a bá fi 74 pín 1,440, ìrépé odindi 19 ni a ó rí, ínṣì 34 yóò sì ṣẹ́kù. Ẹ má ka ìyókù yẹn mọ́ ìrépé. Ìrépé tí kò dé ìdí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ìrépé.

Ìrépé 19 yìí, bí a bá tò wọ́n ní etí sí etí gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe é, tí abẹ́rẹ́ kàn ń gba etí kan mú èkejì láìjẹ́ kí ọ̀kan gun orí èkejì, yóò fẹ̀ ní ínṣì 76, ìyẹn 19 lọ́nà 4. Ó tó bo bẹ́ẹ̀dì tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ínṣì 4 yóò sì lé. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e fún aránṣọ tí ó fi etí kan lé èkejì, tí ó sì fi máṣìnnì wọ inú aṣọ ní ìdá mẹ́rin ínṣì kan, ọ̀rọ̀ yóò yí padà pátápátá. Ojú rírán kọ̀ọ̀kan yóò jẹ ìdá mẹ́rin lára ìrépé ti ọ̀tún àti ìdá mẹ́rin lára ti òsì, èyí tí í ṣe ààbọ̀ ínṣì. Ìrépé 19 ní ojú rírán 18 láàárín ara wọn. Ààbọ̀ lọ́nà 18 jẹ́ 9. Ínṣì 9 ti lọ. Ohun tí ó kù jẹ́ 67, bí a bá sì tún ká etí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ínṣì kan kan, 65 ni yóò kù. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kò sí ojú rírán kan nínú wọn tí ènìyàn lè tọ́ka sí pé òun ni ó jẹ aṣọ òun, síbẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò bá ṣírò èyí yóò pe aránṣọ ní olè, aránṣọ kò sì jí nǹkankan.

Kí ni kí a wá ṣe? Bẹ́ẹ̀dì tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4½, èyí tí í ṣe ínṣì 54, wà ní ọ̀pọ̀ ilé. Ínṣì 65 wa yóò bò ó dáadáa, yóò sì dà wálẹ̀ ní ínṣì 5½ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó lẹ́wà ju aṣọ tí a fà mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì bí awọ ìlù lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà 6 ni a kọ̀ láti fi sílẹ̀, tí máṣìnnì sì ni a ó fi rán an, ìrépé 21 ni a nílò: 21 lọ́nà 4 jẹ́ 84, ojú rírán 20 yóò jẹ 10, ó ku 74, kíká etí yóò jẹ 2, ó ku 72 géérégé. Ìrépé méjì péré ni ó fi ju ohun tí a ní lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lè fi ìrépé aṣọ mìíràn, bóyá ẹtù dúdú, sí àárín tàbí sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò sì dà bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lọ́nà ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n títí iṣẹ́ fi parí, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan há èyí láàárín. Aṣọ òfì tí ń dán, tí a ń pè ní ṣáyìn-ṣáyìn, èyí tí ó gbòde láti bí àwọn ọdún 1970, kò dára fún ìbora tí a ń fi ara kàn, nítorí pé òwú dídán inú rẹ̀ a máa ha ni lára, kò sì fẹ́ omi púpọ̀. Ẹ fi í tẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sán fún àlejò. Sányán àti ẹtù ni kí ẹ fi sùn.

Ó wá kan àǹkárá. Kí a fọ̀ ọ́ kí a tó gé e, nítorí pé òwú a máa sún kì nínú omi, ìrépé méjì tí kò sún kì bákan náà yóò sì fa ara wọn ní ìjà. Kí a gé gbogbo rẹ̀ sí onígun mẹ́rin tí ó dọ́gba, ínṣì 5 ní ìbú àti 5 ní gígùn, pẹ̀lú bátánì páálí kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rírán yóò jẹ ìdá mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ohun tí ojú yóò rí kò ju ínṣì 4½ lọ. Nọ́ńbà yìí, 4½, ni kí a dì mú, kí a gbàgbé 5. Bí a bá fi 4½ pín 72, yóò jẹ́ 16, nítorí náà bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ìbú àti 6 ní gígùn ń fẹ́ 16 lọ́nà 16, èyí tí í ṣe ìrépé 256. Bí ó bá sì jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ínṣì 2½ ti Amẹ́ríkà ni ọmọ yín fi ránṣẹ́, ínṣì 2 péré ni ojú yóò rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. 40 rẹ̀ yóò fẹ̀ ní ínṣì 80, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kò ju ìbú aṣọ tí wọ́n gé e lára rẹ̀ lọ, ìyẹn bí ínṣì 42, nítorí náà kì í dá bo àgbàlagbà láìjẹ́ pé a fi nǹkan kún un.

Ká ní a ka ti àǹkárá wa, tí a bá 120. Kí a má bínú pé kò tó 256. Kí a wá nọ́ńbà méjì tí ó bí 120 tí wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. 10 àti 12 ni. 10 lọ́nà 4½ jẹ́ 45; 12 lọ́nà 4½ jẹ́ 54. Ínṣì 45 ní ìbú àti 54 ní gígùn: kúbùsù ọmọdé ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá fẹ́ fi í bora, ọ̀nà wà tí kò ní gba ìrépé kan sí i. Kí a gé aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo sí tẹ́ẹ́rẹ́ ínṣì 1½, tí yóò di ínṣì 1 lẹ́yìn rírán, kí a fi sí àárín ìrépé kan àti èkejì, bí ọ̀nà tí ó la ebè kọjá. Ìrépé 10 ní àlàfo 9, 45 àti 9 jẹ́ 54. Ìrépé 12 ní àlàfo 11, 54 àti 11 jẹ́ 65. Kí a wá fi aṣọ kan náà tí a gé ní ínṣì 4, tí yóò di 3½, sí orí àti sí ìdí rẹ̀: 65 àti 7 jẹ́ 72. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ínṣì 54 ní ìbú àti 72 ní gígùn ni bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 4½ ní ìbú àti 6 ní gígùn, géérégé, láti inú ìrépé tí ọmọ iṣẹ́ ì bá kó lọ sí ààtàn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kù. Kí aṣọ ẹ̀yìn, èyí tí a ó gé lára aṣọ aláwọ̀ kan náà, fi ínṣì 2 ju ojú lọ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé òwú tí a fi sí àárín ojú àti ẹ̀yìn a máa fa aṣọ wọlé bí a bá ti ń gún un pọ̀. Èyí sọ ọ́ di ínṣì 58 ní ìbú àti 76 ní gígùn. Aṣọ tí ó fẹ̀ ní ínṣì 45 kò lè dá bò ó, nítorí náà gígùn méjì ni a ó gé, ínṣì 76 lọ́nà méjì, èyí tí ó jẹ́ 152, tàbí ọ̀pá 4 àti díẹ̀. Nínú gígùn kejì, bí ínṣì 14 péré ni a nílò ní ìbú. Èyí tí ó kù tó láti gé gbogbo tẹ́ẹ́rẹ́ àárín ìrépé àti ti orí àti ti ìdí, bí ẹni tí ó mú sísọ́ọ̀sì bá fara balẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gé àwọn gígùn kí ó tó gé àwọn kúkúrú. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń lọ sí ọjà kò ní láti rà ju ìdì aṣọ ọ̀pá 6 kan lọ, ohun tí ó lé ní ọ̀pá kan àti ààbọ̀ yóò sì ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tí yóò fi di etí ìbora náà yí ká.